"A Dúpẹ́" Tí Mo Tẹ Ìka Sí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo kí yín, mo kí gbogbo ará ìlú wa Molutehin, tàgbà tèwe. Ìyá Ọmọ́yẹlé, ìyàwó mi, kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú òjò ọdún tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ sin ín. Mo ránṣẹ́ nígbà náà pé báńkì kò jẹ́ kí n wá. Irọ́ ni. Mi ò tọrọ àyè rárá.

Ẹ̀rù ló bà mí. Àwa tí à ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì. Agbaṣẹ́ṣe kan ló kó wa wá. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ akọ̀wé inú báńkì, wọ́n á ní kó lọ sinmi. Ọ̀kan nínú tiwa lọ sin bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé, ẹlòmíràn ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo bá jókòó sẹ́nu géètì nínú òjò Àkúrẹ́, mò ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń pè mí ní Bàbá Ẹja torí pé ará etí omi ni mí, mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọbìnrin kan ti olú iléeṣẹ́ báńkì wá, ó ń bi gbogbo wa bóyá iṣẹ́ tẹ́ wa lọ́rùn. Ó kí mi dáadáa, ó ní iṣẹ́ ńkọ́, ilé ńkọ́. Kí lèèyàn ń dá àlejò lóhùn? Mo ní a dúpẹ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní kí n tẹ ìka. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Bísí ló ń gbá báńkì náà. Lóṣù tó kọjá, ọkọ rẹ̀ kú. Agbaṣẹ́ṣe kan náà ló kó èmi àti obìnrin náà wá. Ìyá Bísí tọrọ ọjọ́ mẹ́ta láti lọ sin ín. Máníjà fa ìwé yẹn jáde, ó ní ìyàwó Bàbá Ẹja kú, Bàbá kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tẹ̀ka pé ó tẹ́ òun lọ́rùn gan-an. Obìnrin náà jáde wá bá mi, tòun ti ìgbálẹ̀.

"Bàbá, ṣé ikú ìyàwó yín náà tẹ́ yín lọ́rùn ni?"

Mo ṣí géètì fún un. Ó lọ sin ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìgba àyè. Nígbà tó dé, wọ́n ní kó dúró sílé títí àwọn á fi pè é. Wọn ò tíì pè é.

Mo ní kí ẹni tó ń kọ ìwé yìí fún mi gbé e síta, kí àwọn àna mi náà gbọ́. Ẹ má bò mí. Olúwa á dá yín sí, omi ò ní gbé èèyàn yín lọ. Ẹ kí gbogbo ilé.

Ẹ wá ránṣẹ́ pe Ọmọ́yẹlé, àkọ́bí mi, ní Igbokoda. Òun ló mọ̀wé. Kó wá bá mi sọ fún máníjà pé iṣẹ́ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, kí wọ́n pe Ìyá Bísí padà. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi. Mo fa ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí. Ìyá rẹ̀ ni mi ò sin.

Èmi àbúrò yín.