Iwo Wo Ló Ń Dá Iṣẹ́ Rẹ Padà?

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lọ́nà ibi iṣẹ́. Gbogbo wa wà láàyè níbí, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná nìkan ló ń jò.

Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ bá mi nídìí ààrò, mo sì kà á. O ní: "Mama, iwo lo n da ise mi pada. Irinse wa nile, iwo ko ri i. Mo fe yo iwo kuro, oga ko gba. Bi mi o ba ri iwo tun se, ise a bo lowo mi." Háà! Èmi ìyá tó bí ọ, o wá ń pè mí ní ìwọ! Ṣé "ẹ̀yin" ti tán nílùú ńlá ni? Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi ni mò ń dá iṣẹ́ rẹ padà, iṣẹ́ tí mi ò mọ orí ẹ̀, tí mi ò mọ ìdí ẹ̀. Mo sunkún títí ọbẹ̀ fi jóná. Bá mi kí ọ̀gá rẹ tí kò gbà kí o yọ mí.

Mo gbé fóònù tọ alápatà lọ, ó ní ìwo màlúù ni, pé nǹkan kan ló ń kàn ọ́ níbi iṣẹ́. Apẹja tó múlé tì wá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ìwọ̀ ni, bí ìwọ̀ ẹja. Ó ní ọmọ òun tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ sọ pé wọ́n máa ń fi ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ibi tí gbogbo wọn ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, fúnra rẹ̀ ló ń yẹ iṣẹ́ wò, èyí tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á jù ú padà. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò yé mi. Ìwọ̀ tí kò lójú, báwo ló ṣe fẹ́ rí irinṣẹ́? Bóyá ó ti dípẹtà, fi epo pa á. Tàbí kí o júwe ibi tí irinṣẹ́ wà fún un, bí mo ṣe ń júwe bàtà fún bàbá rẹ, tí bàtà sì wà níwájú rẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra káàdì ìpè. Ẹnu rẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, torí ẹnu ní àmì ohùn, ìka rẹ ò ní.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò wọlé, kò ní padà. Bó bá jẹ́ ìwọ̀ ni, tètè tún un ṣe. Bó bá sì jẹ́ èmi ni, wá sílé wá sọ fún mi lójúkojú, ọmọ mi, má kàn yọ mí kúrò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.