Omi fún Ẹsẹ̀ Àwọn Tó Gbé Àmmà

Bàbá mi àtàtà,

Kọ́kọ́rọ́ ilé yín ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni kánsù tó ni ilé ní kí n dá a padà, torí náà ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹ̀yin náà kì í ju nǹkan nù, Bàbá! Kí lẹ fẹ́ fi ìdérí ìkòkò mọ́kànlá ṣe, nígbà tó jẹ́ ìkòkò mẹ́ta péré lẹ ní? Mo bínú, mo rẹ́rìn-ín, mo jókòó sórí àpótí yín, mo sunkún. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Wọ́n gbé Àmmà kọjá lánàá.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ ní Àmmà ni ìyá lédè wọn, pé òun ni òrìṣà tó ń ṣọ́ ìlú kékeré kan létí òkun ní Íńdíà, àti pé nígbà tí àwọn ọmọ ìlú náà di ará Peckham nílùú òyìnbó níbí, wọ́n gbé e dání wá. Ibi tí wọn ò bá gbé e dé, kò ní ṣọ́ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láìwọ bàtà, nínú oòrùn. Ẹ ní kò ṣàjèjì sí yín, pé ní Ìwó náà, kí kéwú tó dé, ìlú ní ohun tó ń ṣọ́ ọ.

Mo tún ń rántí bí ẹ ṣe bá wọn pàdé. Ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú gbọ̀ngàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìn Rye Lane nígbà tí wọ́n gbà á rẹ́ǹtì, tí wọ́n sọ ọ́ di tẹ́ḿpìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ẹ bá ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbá a. Lọ́jọ́ kejì ó tún wà níbẹ̀, ẹ tún gbá a, ẹ ń kùn pé irú ọ̀bùn wo ló ń da ìyẹ̀fun sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ kẹta ni Aunty Malar, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tẹ́ḿpìlì náà, ká yín mọ́ ọn. Àṣé àwọn ni wọ́n ń jí ní kùtùkùtù láti fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ya òdòdó sẹ́nu ọ̀nà fún Àmmà, ẹ̀yin sì ń gbá a dànù! Ẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Aunty Malar ò mọ ohun tó yẹ kí àwọn ṣe, ni wọ́n bá kúnlẹ̀ síwájú yín. Kò sí ọdún kan tí ẹ ò sọ ìtàn yẹn fún mi.

Láti ìgbà náà lẹ ti ń bá wọn to bàtà. Bí ẹ ṣe ń to ti mọ́ṣáláṣí lẹ ṣe ń to tiwọn, méjì-méjì, kí imú rẹ̀ kọjú síta. Ẹ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹ kì í jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú òrìṣà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé Àmmà kọjá níwájú ilé wa, ẹ ó gbé bútà tí ẹ fi ń ṣe àlùwàlá jáde, èyí aláwọ̀ ewé yẹn, ẹ ó máa da omi sẹ́sẹ̀ àwọn tó gbé e, torí títì gbóná. Ẹ ní omi náà kì í ṣe ti òrìṣà, ti ẹsẹ̀ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, Bàbá. Ohun tí wọ́n ń kọ́ mi nílé kéwú ni mo fi ń wọn gbogbo èèyàn. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé màá wọ Àlùjánnà, màá wá yín, wá yín, mi ò ní rí yín. Ni mo bá lọ fẹjọ́ yín sun Àáfà. Mo ní bàbá mi ń bomi fún òrìṣà.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pè yín jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n ní kí ẹ má pe ìrun mọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́ ládàánì láti ìgbà tí mọ́ṣáláṣí náà ti wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Ẹ ò bá wọn jiyàn. Ẹ délé, ẹ jẹ ẹ̀bà, ẹ bi mí bóyá mo ti ṣe iṣẹ́ iléèwé mi. Láti ọjọ́ náà, ojú fèrèsé ilé ìdáná lẹ ti máa ń pe ìrun, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo máa ń fi pílò bo etí mi kí n má baà gbọ́.

Ẹ ò béèrè ẹni tó sọ, èmi náà ò jẹ́wọ́. Ọdún méjìlélógún. Mo ní màá sọ fún yín tí ara yín bá yá, ara yín ò sì yá.

Lọ́sàn-án àná, mo gbọ́ agogo wọn, mo fẹ́ ti fèrèsé. Wọ́n sì dúró níwájú ilé yín. Aunty Malar, tí wọ́n ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ báyìí, ló wà níwájú. Wọ́n mọ̀ pé ẹ ti kú, wọ́n wá síbi àdúrà ogójì ọjọ́ yín, síbẹ̀ wọ́n dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin tó gbé Àmmà léjìká ń gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń sọ èkejì kalẹ̀, torí títì ń jó wọn.

Bútà yín wà nínú àpò ìdọ̀tí. Èmi ni mo jù ú síbẹ̀ láàárọ̀. Mo ń rò ó pé bí ará mọ́ṣáláṣí bá ń kọjá ńkọ́? Àgbà ni mí, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń san owó ilé, ẹ̀rù ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Mo yọ ọ́ nínú àpò. Mo pọn omi kún un, mo ṣe bísímílà, mo jáde.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo padà lọ pọnmi kó tó kárí. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ Aunty Malar, mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní èmi ni mo fẹjọ́ bàbá mi sùn, èmi ni mo jẹ́ kí mọ́ṣáláṣí gba ìrun pípè lọ́wọ́ wọn. Aunty Malar gbé mi dìde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

“Bàbá ẹ mọ̀. Ó sọ fún mi lọ́dún náà gan-an. Ó ní ọmọ òun ń ṣọ́ òun ni.”

Ni agogo bá tún dún, wọ́n bá gbé Àmmà lọ.

Ẹ mọ̀, Bàbá? Ẹ mọ̀, ẹ wá ń bu ẹran tiyín sínú àwo mi? Kí ló dé tí ẹ ò na mí? Kí ló dé tí ẹ ò kúkú sọ ọ́, kí n sunkún, kó tán? Ẹ sọ fún Aunty Malar, ẹ ò sọ fún mi. Inú bí mi sí yín lánàá, mi ò ní parọ́, ó ṣì ń bí mi díẹ̀ lónìí. Bóyá ẹ ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Èmi náà ń dúró kí ẹ bi mí. Títí ẹ fi lọ la fi ń dúró de ara wa.

Ẹlòmíì ni yóò máa gbé ibí lọ́dún tó ń bọ̀. Màá wá láti ilé mi ní New Cross, màá dúró síwájú ilé pẹ̀lú bútà. Mo ti ṣèlérí fún Aunty Malar.

Lónìí, nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, mo dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná yín. Ilé ti ṣófo. Mo ń retí ohùn yín, bí òmùgọ̀. Nígbà tí mi ò gbọ́ ọ, mo fúnra mi pe ìrun, jẹ́jẹ́, bí ẹ ṣe máa ń pè é. Mo mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ẹ lọ fẹjọ́ mi sùn.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí n lè tètè rí yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń ṣọ́ yín.