Kò Ní Sáré Lọ́la

Ìyá àwọn ọmọ,

Ilé ìwòsàn ni mo mú Àgbọ̀nrín ọmọ wa lọ. Láàárọ̀ yìí tí mo fẹ́ fọ bàtà eré ìje rẹ̀, oògùn apàrora ló dà jáde. Kò jiyàn. Ó ní, "Bàbá mi, ó ti di bárakú. Tí n ò bá lò ó, ara mi á máa gbọ̀n."

Má pariwo mọ́ ọn o. Èmi ni mo kọ́kọ́ fún un nígbà tí orúnkún ń dùn ún, torí ipò kìn-ín-ní ti wọ̀ mí lójú. Màá jẹ́wọ́ fún dókítà.

Tí kóòṣì bá pè, sọ fún un pé kò ní sáré lọ́la. Ó ti rẹ gbogbo wa. Bá a mú aṣọ òtútù wá, kì í ṣe ti eré ìje.