Ẹnu Ló Ti Géètì Bàbá Pernin

Vaubrun,
Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ Àjíǹde.

Aurélien, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó rẹ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, pé òtútù Páríìsì ti ń dẹwọ́, àti pé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú nígbà Kérésìmesì ti lọ pátápátá. Bí o bá béèrè èmi, mo wà láàyè. Orúnkún ń dùn mí, ẹ̀yìn ń ro mí, oorun kò tó mi, àmọ́ mo wà láàyè. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka ìyókù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé o máa ń já lu ọ̀rọ̀ mi lórí fóònù.

Géètì Bàbá Pernin ti wà ní títì láti ọjọ́ kejì tí o kúrò níbí nínú oṣù kejì. Ṣéènì tó nípọn ló fi dè é, irú èyí tí wọ́n fi ń so akọ màlúù, ó sì fi àgádágodo há a. O mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún iṣẹ́ wa, àwa tí à ń fi kẹ̀kẹ́ mú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ rìn kiri. Gbogbo ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́, láti Vaubrun títí dé etí odò, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ni. Mọ́tò kan kò gbọdọ̀ débẹ̀, ẹyẹ nìkan ni èèyàn ń gbọ́, àti ìró táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tó ti gba àárín pápá Bàbá Pernin kọjá, bàbá tó bí i ló rà á nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò rìn mọ́. Kò sí ìwé kankan láàárín òun àti àwa. Ó mọ bàbá wa, ó ń jẹ́ ká kọjá, ó parí. Okùn lásán ló máa ń fi so géètì yẹn tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá kọjá á tún un so.

Láti ìgbà náà, títì ńlá ni mò ń kó àwọn oníbàárà gbà, títì àwọn tírélà tó ń kó gẹdú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni àwọn èèyàn yìí sanwó fún, tírélà ni mò ń tà fún wọn. Tọkọtaya ará Bẹ́ljíọ̀mù kan wá lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ tírélà gbá ìyá náà sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Kò fara pa, ó jókòó sínú koríko, ó bọ́ akoto rẹ̀, ó ní, “Màdáámù, ṣé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ kọ sínú ìwé ìpolówó yín nìyí?” Ọkọ rẹ̀ ní, “Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ayérayé ni wọ́n ní lọ́kàn, olólùfẹ́ mi. Ó kù díẹ̀ ká débẹ̀.” Wọ́n wọ ọkọ̀ padà sílé ní ọjọ́ kejì. Mi ò lè bá wọn jà.

Mo gbìyànjú igbó náà. Mo ní kí a máa gba ẹ̀yìn igbó àwọn igi óákù yípo pápá bàbá náà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ mu wá dé kókósẹ̀, kẹ̀kẹ́ wá di ẹrù, àwa ni à ń rù ú. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè jù lọ ni ẹgbẹ́ àwọn ará Switzerland tó ń wá ní gbogbo ìgbà ìrúwé. Sátidé yìí ni wọ́n ń bọ̀. Bí wọ́n bá yìn wá, àwọn ẹlòmíràn á wá. Bí wọ́n bá fi títì tírélà ròyìn wa, a ó kógbá wọlé kí ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ nínú oṣù kọkànlá tó dé. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùlà.

Mo gbọ́ pé o ń sọ fún gbogbo ẹbí pé owó ni bàbá yẹn ń wá. Kì í ṣe owó. Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀, mo sì lọ bá a kí n lè mọ iye tó fẹ́. Mo dúró kó jẹun ọ̀sán tán, mo kan ilẹ̀kùn ní àsìkò kọfí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní, “Ẹ káàsán, Màdáámù. Ẹ wọlé. Ẹ jókòó.”

Aurélien, “ẹ̀yin” ló fi pè mí! Ẹni tó fà mí létí nígbà tí mo jí ṣẹ́rì ká lórí igi rẹ̀! Ẹni tó gbé mi sórí katakata rẹ̀ lọ sí ilé ìwé nígbà tí yìnyín bo ọ̀nà! Láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu ọmú ló ti ń pè mí ní “ìwọ”. Àgbàlagbà tó bá ń fi “ẹ̀yin” pe ọmọ tó ṣojú rẹ̀ dàgbà, kì í ṣe pé ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó ti lé e jáde nílé ni, bó tilẹ̀ fún un ní àga.

Mo bi í pé, “Bàbá, kí la ṣe fún yín?” Ó po ṣúgà inú kọfí rẹ̀ títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní, “Àbúrò yín já wọlé bá mi nídìí oúnjẹ. Kò dúró kí n ní kó wọlé. Ó tẹ́ ìwé àdéhùn lórí ọ̀nà yẹn síwájú àwo ọbẹ̀ mi, ó ní, ‘Firmin, má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu, ìwọ ṣáà fọwọ́ síbí.’ Ìyá mi ló ń pè mí ní Firmin. Ìyàwó mi náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wà ní itẹ́ òkú. Ṣé ọ̀dọ̀ wọn lẹ kọ́kọ́ rán an lọ, kó tó wá sọ́dọ̀ mi?”

Mo mọ ibi tí o ti kọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ okòwò kan náà la jọ lọ. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé kí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ máa pe ara wọn lórúkọ, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ “ìwọ”, kí iṣẹ́ lè yá. Ní ọ́fíìsì tìrẹ, bóyá ó ń yá. Ní Vaubrun, o rí bó ṣe yá tó.

Mo wá ń lọ síbẹ̀ ṣáá. O mọ̀ mí, bí búrẹ́dì bá pẹ́ nínú ààrò, èmi àti ẹni tó ń ṣe é á jà. Síbẹ̀ mo ń lọ, mo ń jókòó, mò ń gbọ́ ìtàn òjò àti ti iye tí wọ́n ń ta koríko màlúù. Mi ò dárúkọ géètì. Bí mo bá ń lọ, á ní, “Ó dàbọ̀ o, Màdáámù. Ẹ fi epo sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín, ó ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀.” Ẹ fi epo sí i! Tìtìjú tìtìjú ni mò ń padà sílé ní gbogbo ìgbà.

Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, mo débẹ̀, kò sẹ́ni nínú ilé. Mo gbọ́ igbe màlúù nínú àká. Bàbá Pernin wà lórí orúnkún rẹ̀ nínú koríko gbígbẹ, lẹ́yìn abo màlúù funfun kan, apá rẹ̀ méjèèjì kún fún ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ọmọ náà kọ́kọ́ yọ. Dókítà ẹran wà níbi oúnjẹ àjọ̀dún ní ìlú kejì, kò gbé fóònù. Bàbá náà bojú wẹ̀yìn, ó rí mi nínú aṣọ kẹ̀kẹ́ mi, ó sì pariwo, “Kí lo dúró ń wò bí ère ṣọ́ọ̀ṣì? Bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ẹ, wá di okùn yìí mú!”

Mo di okùn mú, mo fà á. Ó ní, “Kì í ṣe báyẹn! Ṣé o rò pé kẹ̀kẹ́ lò ń fà nínú kòtò ni? Bó bá ń rọbí, kí o fà. Bó bá sinmi, kí o sinmi. Ṣé o ò lè dúró rárá ni, ìwọ ọmọbìnrin yìí? Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá ẹ rí!” A dúró, a fà, a dúró, apá mi fẹ́ já. Nígbà tí ìdí ọmọ náà jáde tán, ó ké pé, “Ó yá, kánjú wàyí! Gbogbo ìkánjú tí o ní láyé, kó o wá!” Mo fi gbogbo ara fà á, ọmọ màlúù já bọ́ lé mi lórí, èmi àti òun jọ wà nílẹ̀. Kò mí. Bàbá Pernin fi koríko tọ́ ọ nímú, ó gbá a láyà, ọmọ màlúù náà sì sín. Omi bọ́ lójú mi. Bàbá náà rò pé ẹ̀jẹ̀ ló bà mí lẹ́rù, mi ò tún un ṣe fún un. “Ìwọ” tó pè mí ló fà á.

A fọ ọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ó bu ọtí èso plọ́ọ̀mù rẹ̀ fún mi. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ ọ̀nà. Ó ní, “Àwọn ará Switzerland ẹ lè kọjá ní Sátidé. Ní ti àwọn tó kù, ẹni tó ti géètì ni kó wá ṣí i.” Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ tì í, Bàbá.” Ó ní, “Èmi kọ́. Ẹnu ló tì í.”

Nítorí náà, Aurélien, ọ̀rọ̀ kù sí ọ lọ́wọ́. Máa bọ̀. Má ṣe kọ̀wé sí i, má ṣe pè é, má ṣe fi òdòdó ránṣẹ́. Bí o bá dé, jẹun lọ́dọ̀ mi, kí òun náà jẹun tirẹ̀ tán. Kan ilẹ̀kùn, kí o dúró síta títí tí á fi ní kí o wọlé, òjò ìbáà máa rọ̀. “Mùsíọ̀ Pernin” ni kí o pè é, má ṣe pè é ní Firmin mọ́. Gbọ́ ìtàn koríko dé òpin. Má mú ìwé kankan dání. Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò mi. Mo lè ṣètò ilé ìtura, ẹrù, táyà àti oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọ tọrọ àforíjì.

Kí Ọlọ́run pa ìwọ àti ìyàwó rẹ mọ́. Kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má ṣe bàjẹ́. Kí ọ̀nà rẹ dán títí dé ẹnu ilẹ̀kùn bàbá náà, kí ahọ́n rẹ sì tutù nígbà tí o bá débẹ̀. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní ẹlòmíràn láti bá wí,
Sidonie.

Àfikún: O rántí pé ọdọọdún ni àwọn tó ń sin màlúù ń yí lẹ́tà orúkọ, A ló kan ọdún yìí, gbogbo ọmọ màlúù tí wọ́n bá bí, A ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Akọ ni èyí tí a fà jáde. Ó fẹ̀yìn wọlé, ó ta gbogbo wa nípàá, kò kí ẹnikẹ́ni. Mo bi Bàbá Pernin orúkọ tó sọ ọ́. Ó ní, “Aurélien.” Ó ní òun á máa pe ìyẹn ní “ìwọ” láàárọ̀ lálẹ́, títí tí ẹni tó ni orúkọ á fi wá pe òun ní “ẹ̀yin”.