Fúláwà Ojú Pátákó

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ilé Ìkàwé.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ẹ̀sùn Oníbàárà,
Olú Ilé-iṣẹ́ Písà Iná Jẹ́jẹ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN NÍPA PÍSÀ TÍ Ẹ NÍ KÒ NÍ ÀLÌKÁMÀ, TÓ SÌ GBÉ ÌYÀWÓ MI DÉ ILÉ-ÌWÒSÀN

1. Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbúrẹ́dì ni mí tẹ́lẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró nídìí ààrò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, dókítà sọ fún wa pé ìfun ìyàwó mi ò gba gúlútẹ̀nì tó wà nínú àlìkámà mọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Mo ta ààrò náà. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹ̀rún búrẹ́dì kan nínú ilé wa, èmi náà ò sì jẹ ẹ́ níta.

2. Lóṣù tó kọjá, ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ibùdókọ̀ iwájú ilé wa: "Písà tí kò ní àlìkámà rárá. Gbogbo ìdílé ló lè jẹ ẹ́." Kí n tó ra nǹkan kan, mo pe ẹ̀ka yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ dá mi lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ìrẹsì àti àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, abọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi ń pò ó.

3. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni mo gbé e délé. Ìyàwó mi ti fọwọ́, ó ti jókòó, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé oníbúrẹ́dì wá di ẹni tó ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì jẹ. Mo yí ẹyọ kan dojú dé, bí mo ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá ti inú ààrò jáde. Nǹkan funfun wà ní ìdí rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò ra á. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo mọ fúláwà bí ìyá ṣe mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ìyẹ̀fun ìrẹsì ni. Mo ní ó dáa, kó máa jẹ ẹ́.

Ó jẹ mẹ́ta. Ó ṣẹ́ èèpo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e sétí kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún, bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Inú mi dùn. Ìgbà tí inú mi dùn kẹ́yìn nìyẹn.

4. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń bì. Awò ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e wọnú ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò nílé-ìwòsàn.

5. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo lọ sí ẹ̀ka yín. Ọkùnrin ìdí ààrò fi gbogbo rẹ̀ hàn mí láìfi nǹkan kan pa mọ́. Lóòótọ́, abọ́ ọ̀tọ̀ ni. Lóòótọ́, ìrẹsì àti àgbàdo ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kó tó ti písà náà sínú ààrò, ó bu fúláwà, ó wọ́n ọn sójú pátákó ọlọ́wọ́ gígùn tó fi ń tì í, kí ó má bàa lẹ̀. Pátákó kan náà ni wọ́n ń lò fún gbogbo písà. Mo ní èyí ńkọ́? Ó wò mí sùn-ùn, ó ní ìyẹn kì í ṣe ara oúnjẹ kẹ̀, Baba.

N ò lè bá a wí. Ká ní ẹnikẹ́ni bi mí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí èmi náà ì bá sọ nìyẹn. Fúláwà ojú pátákó, àwa oníṣẹ́ ààrò kì í kà á kún nǹkan kan.

6. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín. Èsì tó dé ní ara ò dọ́gba, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn nínú ilé ni ìyàwó mi jẹ. Wọ́n fi ìwé kan sí i pé ká wá gba písà mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ óò rí ìwé náà nínú àpòòwé yìí, mo dá a padà. Mo tún gbọ́ pé wọ́n ti ní kí ọkùnrin náà lọ rọ́kún nílé. Kí ló ṣe? Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe ń ṣe é.

7. Kò ṣe mí bí ẹni tó ń bínú. Kò ṣe mí bí nǹkan kan. Mo máa ń jí, mo máa ń gbálẹ̀, mo máa ń gbé omi kaná. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí ni pé ìyàwó mi gba èsì yín gbọ́. Ó ní inú ilé wa ni. Ó ti fọ gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti kó ìkòkò dànù, ó ti sun aṣọ iṣẹ́ mi àtijọ́. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó ṣíwọ́ oúnjẹ. Omi ìrẹsì nìkan ló ń mu. Dókítà ní bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ilé-ìwòsàn la tún ń padà sí yẹn.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ pátákó fún un. Ó ní ká ní fúláwà wà níbẹ̀, èmi ì bá rí i. Mo lọ gbé omi ìrẹsì rẹ̀ kaná.

8. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ya pátákó kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì máa fi ìyẹ̀fun àgbàdo wọ́n ọn. Títí ẹ óò fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ já ìwé ibùdókọ̀ yẹn, torí ẹyin lọ̀rọ̀. Ẹ dá ọkùnrin ìdí ààrò padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà kan sí ìyàwó mi, kì í ṣe sí èmi, pé ojú pátákó yín ni fúláwà náà ti wá.

Kò tíì ní awò mìíràn, èmi ni màá kà á sí i létí. Bí mo bá kà á tán, màá fi èyí tó kù kún un, pé mo rí i. Láìsí lẹ́tà yín, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín, tó ń retí lẹ́tà náà,
Baba Oníbúrẹ́dì
(Oníṣẹ́ ààrò tẹ́lẹ̀ rí)