Ojú Màámi Nínú Ìwé Ọmọdé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí mo rí ọ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí o gbé ìwé wa dání, tí ẹ̀rín kún ẹnu rẹ. Ara tèmi náà le. Ọkàn mi ni kò rí bẹ́ẹ̀.

O ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún wọn dáadáa: pé èmi á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwòrán sórí pépà, ìwọ á ya fọ́tò rẹ̀, wàá gbé e sínú kọ̀ǹpútà, wàá wá fi fọ́tò èèpo igi tàbí aṣọ tó ti gbó sábẹ́ ọ̀dà mi, títí ẹni tó ń wò ó ò fi ní mọ ibi tí ọ̀dà parí sí. Inú èmi náà máa ń dùn sí i. Lọ́jọ́ tí o sọ igi tí mo kùn di igi tí èèyàn fẹ́ fọwọ́ kàn, ṣebí mo pariwo. Àmọ́ o ò sọ fún wọn ibi tí o ti rí ojú ìkà ìyá arúgbó tó ń jí ọmọ gbé nínú ìwé náà.

O ní kí n má kun ojú rẹ̀, pé o máa wá fọ́tò kan sí i. Ọmọ mi kékeré ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Mo ń ka ìwé náà fún un, ó wo àwòrán, ó wo Màámi tí wọ́n jókòó lórí àga, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mọ́.

Màámi ní kí n gbé ìwé náà wá. Wọ́n wọ awò ojú wọn. Fọ́tò tí o yà wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, nígbà tí wọ́n yọ eyín àtọwọ́dá wọn, tí wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n pẹ́ lórí ojú ìwé yẹn. Wọ́n wá ní, "Ó ní kí n gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu. Ó ní àwa nìkan la máa rí i." Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n wọ yàrá lọ.

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán ni, kì í ṣe Màámi. Ta ló máa mọ̀?" Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ o! Mo lọ bá ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé. Ó ní àwòrán yẹn gan-an làwọn èèyàn fẹ́ràn jù, pé àfi tí ìwọ bá gbà ni wọ́n fi lè yọ ọ́. O kọ̀ jálẹ̀. O ní iṣẹ́ rẹ tó dára jù lọ nìyẹn.

Mo wá ní kí n kun ojú Màámi fúnra mi, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà nìkan, bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé àga síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹjú mọ́ àwọn mọ́. Àní èmi náà.

Nítorí náà, má fi ìtàn ìwé kejì ránṣẹ́ sí mi. Wá ẹlòmíràn tó máa kùn ún fún ọ.

Kí ojú rẹ má fọ́, kí ọwọ́ rẹ má rọ. Kí o dàgbà, kí àwọn ọmọ rẹ máa fi ojú rere wò ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ẹ jọ mu ọmú kan náà.

Àfikún: Màámi rí mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé. Wọn ò bèèrè ohun tí mò ń kọ. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ.