Ìwé Wáyà Tí O Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ọ̀nà Ilo-Awela,
Sango-Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Tahir ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé, ìwọ àti ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara yín le, bó ṣe yẹ kí ara ẹni tó ń sùn sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù le. Èmi náà wà. Orúnkún mi ọ̀tún ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ríran. Mo ka ohun tí o kọ sórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. O sì mọ̀ pé n kì í fèsì ọ̀rọ̀ gidi lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

O ní kí n bá ọ bẹ Fàtímọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kó padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá yín, kó wá máa "ran Afọlábí lọ́wọ́," ọmọ iṣẹ́ bàbá yín. O ní kí n wá ìwé wáyà bàbá yín jáde, èyí tí iye wáyà mọ́tò kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí ọ. O wá fi kún un pé ìrànlọ́wọ́ ṣíṣe ni ìṣẹ̀dá obìnrin. Ká ní inú ìwé kíláàsì lo ti kọ gbólóhùn yẹn ni, bírò pupa ni ǹ bá fi fa ìlà sí i nídìí.

O rántí ọjọ́ tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́ bàbá yín. Ogún ilé àti ilẹ̀ tí Àlùfáà pín, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe tiwa, a háyà rẹ̀ ni. Iṣẹ́ ló kù níbẹ̀: irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wé wáyà kọ́pà sínú mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ, àti àwọn ilé iṣẹ́ tó máa ń gbé èyí tó bá jó wá láti Ọ̀tà títí dé Ijoko. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Fàtímọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú bàbá yín. Nígbà tí ẹ sì ń pín in, omi ló ń gbé fún yín mu.

O dìde, o ká agbádá lé èjìká, o ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀tanú o. Sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé bí Ọlọ́run ṣe ṣe ọpọlọ ọkùnrin, ẹ̀rọ ló ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ti àwọn obìnrin." Àlàájì Fàlílù, àbúrò bàbá yín, mi orí títí fìlà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí i! Ọmọ tó kàwé ló ń sọ̀rọ̀ yẹn!" Bẹ́ẹ̀ ni ó kó kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́. Fàtímọ̀ gbé tíréè sílẹ̀. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Kékeré yẹn ni ti ẹ̀yìnkùlé. Ó máa ń há. Gbé e sókè díẹ̀ kí o tó yí i." Ó sì padà sí kíṣìnì.

Tahir, ìṣẹ̀dá tí ò ń fi yangàn yìí, jẹ́ kí n sọ bó ṣe délé ayé fún ọ, nítorí ọwọ́ mi ló ti wá. Bí mo bá ti ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà dé nígbà náà, ìgbálẹ̀ ni mo máa ń fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́, ìwé ni mo máa ń fi lé tìrẹ. Bí o bá fọwọ́ kan àwo, màá ní, "Fi sílẹ̀ jàre, ọkùnrin ni ẹ́." Bí òun bá gun igi máńgòrò, màá pariwo, "Sọ̀ kalẹ̀! Ṣé o ò mọ̀ pé obìnrin ni ẹ́ ni?" Mo pariwo yẹn fún ọdún mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ pé ìṣẹ̀dá ni, kí ló dé tí mo ní láti máa rán an létí lójoojúmọ́? Ènìyàn kì í rán ewúrẹ́ létí pé ewúrẹ́ ni. Mi ò ní ọkùnrin àti obìnrin ò yàtọ̀ o. Èmi ni mo lóyún yín, mo mọ ibi tí ìyàtọ̀ wà. Kò sí wáyà níbẹ̀.

Tún gbọ́ èyí. Ní aago méjì ọ̀sán ojoojúmọ́, Fàtímọ̀ ni mò ń fi oúnjẹ bàbá yín rán, torí obìnrin ní í gbé oúnjẹ. Ìwọ, mo fi òfin dè ọ́ pé o ò gbọdọ̀ yà síbẹ̀, kí gírísì má baà kan ọwọ́ tó máa di ọwọ́ dókítà. Ọwọ́ náà padà di ti báńkì, a ṣáà dúpẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń dúró gba àwo, bàbá yín á ní kó bá òun ka iye ìgbà tí wáyà tó jó yí ká, kí òun tó gé e dànù. Ẹni tí kò bá kà á kó tó gé e, bó bá wé tuntun, mọ́tò náà yóò tún jó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ iṣẹ́. Ká ní ìwọ ni mò ń rán ni, ìwọ ni ìbá mọ̀ ọ́n. Àwo ẹ̀bà ló pín ọgbọ́n náà, kì í ṣe ọpọlọ.

Ní ti Afọlábí tí o fi ṣe ọ̀gá nítorí pé ó ní irùngbọ̀n, ó wá kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́. Ó ní fún oṣù méje, àràárọ̀ ni òun máa ń lọ sí ẹ̀yìn ilé ìtọ̀ láti pe Fàtímọ̀: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, wáyà mélòó ni ti mọ́tò àwọn oníbúrẹ́dì?" Ẹ̀gbọ́n rẹ á sọ fún un. Ọpọlọ ọkùnrin tí o kéde rẹ̀ láàárín ẹbí, ẹ̀yìn ilé ìtọ̀ ló ti ń gba èsì. Lẹ́yìn náà lo wá gbé àkọlé tuntun kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù: TAHIR ÀTI ÀWỌN ỌMỌKÙNRIN RẸ̀. Ọmọbìnrin méjì lo bí! Fàtímọ̀ kọjá níbẹ̀, ó kà á, kò sì gbé ìpè Afọlábí mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mọ́tò ilé iṣẹ́ àwọn oníke dé. Afọlábí gé wáyà rẹ̀ láì kà á, ó fojú díwọ̀n tuntun, ó sì jó ní ọjọ́ kejì. Wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Àárò Fàtímọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

O ò béèrè ibi tó wà. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọṣẹ lọ́nà Alapoti ló wà. Ó ń di ọṣẹ sínú páálí. Kò sí ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn tó ń dì í. Ó béèrè ìdí, wọ́n ní ìka obìnrin yá, obìnrin sì ní sùúrù, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn ni. Wáyà wíwé, kí ló tún ń fẹ́ ju ìka tó yá àti sùúrù lọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbóòórùn mọ́tò ẹ̀rọ wọn. Ó lọ bá àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó dúró yí i ká, ó ní, "Ẹ pa á, ẹ jọ̀ọ́. Wáyà inú rẹ̀ ti ń jó." Ọ̀gá wọn ní, "Màdáámù, ẹ padà sídìí ọṣẹ yín jàre. Àbí ọbẹ̀ lẹ rò pé ó ń jó ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kó tó di àkókò oúnjẹ, mọ́tò náà ti yọ èéfín. Ẹ̀wà ni Fàtímọ̀ ń ṣà nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Kò bínú rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù, nítorí ọmọ tó ń gun igi máńgòrò máa ń bínú.

Mo jíṣẹ́ rẹ fún un, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo ní bí yóò bá padà, àfi kí o sọ àkọlé yẹn kalẹ̀, kí o dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un lójú àwọn tó gbé e fún ọ, kí ìwọ náà sì gbé omi fún wọn mu. Ó dá mi lóhùn pé, "Mọ̀mí, ẹ fi sílẹ̀. Ìka mi ti ń gbàgbé."

Ọlọ́run yóò dá ọ sí, yóò dá àwọn ọmọ rẹ sí. Kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo lé wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí igi tí wọ́n lè gùn. Yóò sì forí jì mí ní ti àwọn tí mo pariwo lé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó kọ́ ọ ní ohun tó pọ̀, tó sì ń kábàámọ̀ ìdajì rẹ̀,

Mùíbátù.

Àfikún: Ìwé wáyà tí o béèrè ni mo fi rán dírẹ́bà rẹ sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ò ń pè é ní ìwé bàbá yín. Ṣé o ti gbàgbé pé àtàǹpàkò ni bàbá yín fi ń tẹ ìwé ni? Wo ojú ewé kìíní: pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, gbogbo eéje inú rẹ̀ ló kọjú sẹ́yìn. Mo na ẹ̀gbọ́n rẹ nítorí eéje yẹn ní kíláàsì kẹrin. Mo ní kó fi ìwé náà pamọ́, ó ní kí n fún ọ, pé òun kò nílò rẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fi páálí ọṣẹ dì í. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi dì í tán. Wọ́n kúkú ti sọ pé ìka obìnrin yá.